Awò Tí Ń Wọ Àpò: Bí A Ṣe Ń Yan Awò Awọ̀nàjíjìn Kékeré àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó Nínú Igbó

Awò àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, 30x60 ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára. Ẹni tó tà á fún mi ní, "Bọ̀dá, tí ẹ bá gbé èyí sójú n'Íbàdàn, ẹ máa rí ẹni tó ń jẹ̀bà l'Ọ́yọ̀ọ́." Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé e wọ igbó inú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Íbàdàn. Àgbìgbò kan bà sórí igi lókèèrè. Mo gbé awò sójú: ewé ń gbọ̀n, ẹ̀ka ń gbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀. Níbi tí mo ti ń wá ẹyẹ kiri nínú awò ni ó ti fò lọ. Àgbà ọkùnrin kan tí a jọ dúró bọ́ tirẹ̀ lọ́rùn. Kò tóbi, ọwọ́ kan gbà á. "Gba èyí, ọmọ mi, òmíràn ń bọ̀." 8x32 ni wọ́n kọ sí i. Nígbà tí àgbìgbò kejì bà, mo rí bí ó ṣe la ẹnu ńlá yẹn, mo rí bí ó ṣe yí ojú sí ìsàlẹ̀ tó ń wò wá. Ọjọ́ náà ni mo jáwọ́ nínú nọ́ńbà ńlá.

Awò awọ̀nàjíjìn ni ìwé ń pè é; bainókúlà ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Níhìn-ín, awò olójú méjì ni n óò máa pe bainókúlà, n óò sì máa pe mọnókúlà ní awò olójú kan. Àwọn kékeré tí ń wọ àpò ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, torí pé mo ní ńlá kan, ilé ló máa ń sùn.

Nọ́ńbà méjì tó wà lára awò

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára awò, pẹ̀lú x láàárín wọn: 8x25, 10x42. Ti àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí awò ń sún nǹkan mọ́ni. Ẹyẹ tó wà ní 40 mítà, awò 8x yóò gbé e wá sí 5 mítà lójú yín, awò 10x yóò gbé e wá sí 4 mítà. Mítà kan péré ni èrè tó wà láàárín 8 àti 10. Ẹ wá wo ohun tí ẹ fi rà á. Bí awò ṣe ń sọ ẹyẹ di ńlá náà ló ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ yín di ńlá. Bí nọ́ńbà yẹn bá sì ṣe ń lọ sókè ni ibi tí ojú ń ká lẹ́ẹ̀kan ń dín kù, tí ẹyẹ á fi ṣòro wá. Tó bá ti kọjá 10, ọwọ́ lásán kò lè dì í mú mọ́. Àfi kí ẹ gbé e lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Nọ́ńbà kejì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Ojú ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni, bí i ẹnu agbè. Ẹ fi 25 lọ́po ara rẹ̀, ẹ ó rí 625; ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 32, ẹ ó rí 1,024. Ìyẹn ni pé mìlímítà 7 péré tí 32 fi ju 25 lọ ń kó ìmọ́lẹ̀ tó ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ wọlé. Ti 42 tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í wọ àpò.

Ohun kẹta kan wà tí wọn kì í kọ sí i lára. Ẹ fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ pín èkejì. 25 tí a fi 8 pín jẹ́ 3 àti díẹ̀. 32 tí a fi 8 pín jẹ́ 4. 25 tí a fi 10 pín jẹ́ 2.5. Iye mìlímítà tí ìmọ́lẹ̀ fi fẹ̀ nígbà tó bá jáde lẹ́yìn awò, tó ń wọ ojú yín, nìyẹn. Ọmọlójú wa máa ń sún kì dé 2 tàbí 3 mìlímítà nínú oòrùn ọ̀sán. Nínú òkùnkùn, ó lè là dé 7 bí a bá ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Bí a ṣe ń dàgbà ni kì í là tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, 8x25 tó fún ọ̀sán gangan létí òkun tàbí lórí Òkè Olúmọ, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi ńlá ní aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀, nígbà tí ẹyẹ ń kọrin jù, ọmọlójú yín ti là sílẹ̀ ó ń wá ìmọ́lẹ̀, awò ò sì fún un ju 3 lọ. Gbogbo nǹkan á wá ṣú. Awò mi ìjọ́sí náà ṣú, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló fa tirẹ̀, yàtọ̀ sí irọ́ tí wọ́n kọ sí i lára. N óò padà sórí irọ́ náà.

Tí ẹ bá bi mí: ẹni tó fẹ́ èyí tó ń wọ àpò lóòótọ́, 8x25 olójú méjì ni kó rà. Ẹni tó mọ̀ pé igbó ni òun yóò máa wọ̀, kó ra 8x32, kó gbé e kọ́rùn. Kò wúwo tó ohun tí ènìyàn ń ráhùn lé lórí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ra 10x25 fún igbó: ó ń gbọ̀n, ó tún ṣú. Èyí tí wọ́n kọ nǹkan bí 10-30x sí, tí ẹ ó máa yí bọ́tìnnì kó lè fà sún mọ́ yín sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹni tó ń lo jígí ojú ní ohun kan sí i láti bèèrè. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀yìn awò àti ẹyinjú tí a ó fi rí gbogbo àwòrán náà láìbọ́ jígí. Tó bá jẹ́ 15 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Àwọn kékeré mìíràn kì í ju 10 lọ, ẹ ó sì máa wò wọ́n bí ẹni ń yọjú látinú ihò kọ́kọ́rọ́. Inú ìwé tó bá awò wá ni ẹ ó ti rí nọ́ńbà yìí. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí bí ibi tí ojú ń ká ṣe fẹ̀ tó: wọ́n lè kọ 114m/1000m, tó túmọ̀ sí pé tí ẹ bá wo ohun tó wà ní 1,000 mítà, ẹ ó rí 114 mítà láti etí kan awò dé èkejì. Èyí tó bá fẹ̀ ni kí ẹ mú.

Olójú kan ńkọ́?

Awò olójú kan jẹ́ ìdajì awò olójú méjì, ní ìwúwo àti ní ìgbádùn. Ó dára fún ẹni tí kò ní lọ́kàn láti wo nǹkan pẹ́: ẹni tó fẹ́ mọ bóyá àṣá ni ó ń yí lókè yẹn tàbí igún, ẹni tó fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì kí ó tó dé, arìnrìn-àjò tó ti ru ẹrù tó pọ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan, ẹ ti rí i, ẹ ti dá a padà sápò. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti fi ojú kan tẹ̀ lé ẹ̀ga tó ń hun ìtẹ́ fún ìdajì wákàtí, ẹ ó rí bí iwájú orí yóò ṣe máa fà yín. Ojú méjì ni Ọlọ́run fún wa láti fi wo nǹkan, ọpọlọ náà sì máa ń rí i dáadáa sí i bí àwọn méjèèjì bá ṣiṣẹ́ pọ̀.

Àwọn kan wà tí olójú kan yẹ ju olójú méjì lọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa, kí ló fẹ́ fi ìkejì ṣe? Àwọn dókítà ojú tún máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú rẹ̀ kò lágbára ní awò olójú kan kékeré kí ó lè ka ojú pátákó láti orí ìjókòó rẹ̀. Àwọn ti irú ìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju 8x lọ, èyí tó jẹ́ pé ó yẹ kó ti sọ nǹkan fún àwa tí à ń wá 40x.

Ẹ fi ojú tó lágbára jù mú un. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ẹ fi wọ́n ṣe ihò kékeré, ẹ wo igi kan nínú ihò náà, kí ẹ wá dijú kọ̀ọ̀kan. Ojú tí igi náà kò bá sá kúrò nínú ihò fún, òun ni. Ẹ má dijú kejì nígbà tí ẹ bá ń wò. Dídi ojú ń mú ìpéǹpéjú gbọ̀n, ó sì ń rẹni. Ẹ jẹ́ kó là sílẹ̀, láìpẹ́ ọpọlọ yóò pa á tì.

Lójú ọjà

Ẹ mú rúlà kékeré àti tọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín. Owó yín ni.

Ẹ kọ́kọ́ fi rúlà wọn gíláàsì iwájú. Tí wọ́n bá kọ 60 sí i, kí ó fẹ̀ tó 6 sẹ̀ǹtímítà. Tèmi tó jẹ́ 30x60, kò ju 3 sẹ̀ǹtímítà àti díẹ̀ lọ nígbà tí mo dé ilé tí mo wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ na awò jìnnà sí ojú yín tó gígùn apá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín, kí iwájú rẹ̀ kọjú sí òfurufú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí oòrùn. Ẹ ó rí àyíká ìmọ́lẹ̀ kékeré kan lójú ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi í pín fífẹ̀ gíláàsì iwájú, ohun tí ẹ bá rí ni ìlọ́po tí awò náà ń ṣe ní tòótọ́, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i. Tèmi jẹ́ 4 mìlímítà níbi tí 32 ti wà níwájú. Ẹ ṣírò rẹ̀. 8x ni wọ́n tà fún mi ní owó 30x, gíláàsì burúkú ni wọ́n sì fi ṣe é.

Àyíká ìmọ́lẹ̀ yẹn tún ní ohun tó ń sọ. Ó yẹ kó rí roboto láìní àbùkù. Tí etí rẹ̀ bá dà bí ẹni gé e ní igun mẹ́rin, tí òjìji aláwọ̀ eérú sì yí i ká, gíláàsì tó ń yí àwòrán padà nínú awò náà kò dára tó. Gíláàsì onígun yẹn ni wọ́n ń pè ní prism. Òun ló ń jẹ́ kí ẹyẹ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Láìsí i, orísòdì ni a óò máa rí i. Awò ìgbọ̀nwọ́, tí ara rẹ̀ ṣẹ́ bí apá tí a ká, ti wà láti ayé Ignazio Porro ará Ítálì, tó gba ìwé àṣẹ lórí prism rẹ̀ ní 1854. Awò gbọọrọ, tó dà bí òpó méjì, ni èyí tó gbòde báyìí, torí pé ó ń ká pọ̀ dáadáa. Tí owó yín bá pọ̀, ẹ ra gbọọrọ. Tí kò bá pọ̀, ti ìgbọ̀nwọ́ tó jẹ́ iye kan náà sábà máa ń mọ́lẹ̀ jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń tóbi jù nínú àpò.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gíláàsì iwájú, kí ẹ wo àwọ̀ tó dá padà. Gíláàsì tí wọn kò kun nǹkan kan sí máa ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà ní ojú kọ̀ọ̀kan, ojú gíláàsì sì pọ̀ nínú awò. Ohun tín-ín-rín tí wọ́n ń kùn sí i ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Alexander Smakula tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Zeiss ní Jámánì ló ṣe é ní 1935. Bí àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn tàbí àwọ̀ àlùkò tó rọlẹ̀ bá yọ, ó dára. Bí ó bá funfun bí gíláàsì fèrèsé, wọn kò kun ún. Bí ó bá pọ́n bí ojú ológbò lóru, tó ń dán yanran, ẹ gbé e sílẹ̀: pupa yẹn kàn ń lé pupa padà ni, gbogbo ẹyẹ yín yóò máa rí bí ẹni tí ibà mú.

Ẹ wo nǹkan tó jìnnà nínú rẹ̀. Òpó iná tàbí wáyà ló dára. Bí ẹ bá rí wáyà kan ní méjì, tàbí tí ẹ bá ní ìmọ̀lára pé ẹyinjú yín ń fà láti so wọ́n pọ̀, òpó méjèèjì awò náà kò wo ibì kan náà mọ́. Bóyá ó ti jábọ́ rí. Ẹ má gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀. Awò tòkunbọ̀ tó dára sàn ju tuntun tí kò ní láárí. Ṣùgbọ́n ẹ yí i, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wọ inú rẹ̀ láti iwájú, kí ẹ wo ó láti ẹ̀yìn. Eruku méjì mẹ́ta kì í ṣe nǹkan. Ohun tó bá dà bí òwú aláǹtakùn, tó ń tàn ká láti etí gíláàsì, bíbu ló ti ń bu yẹn.

Ohun kan tó kù: lára àwọn awò olójú kan tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó máa rí nǹkan bí "66m/8000m". Àwọn tó ń tà á yóò ní ó ń ríran dé 8,000 mítà. Bí wọ́n ṣe ń kọ fífẹ̀ ibi tí ojú ń ká nìyẹn, bí mo ṣe sọ lókè. Ọ̀nà tí awò ríran dé kò ní òdiwọ̀n. Ojú lásán pàápàá ń rí òṣùpá.

Títò ó sí ojú yín

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó ṣe gbogbo èyí, àfi tí ẹlòmíràn bá yá awò náà. Mo ti rí ẹni tó lo awò fún ọdún méjì tí kò mọ̀ pé òrùka ojú ọ̀tún ń yí.

1. Ife rọ́bà tó kan ojú. Ẹni tí kò lo jígí, kí ó yí i jáde. Ẹni tó ń lo jígí, kí ó tẹ̀ ẹ́ wọlé tàbí kí ó ká a.

2. Ẹ di òpó méjèèjì mú, kí ẹ máa ṣẹ́ ẹ bọ̀ tàbí kí ẹ máa yà á títí àyíká méjì yóò fi di ẹyọ kan. Bí ẹ bá rí òjìji dúdú tó ń wọlé tó ń jáde, fífẹ̀ rẹ̀ kò tíì bá ojú yín mu, tàbí ẹ ti gbé e sún mọ́ ojú jù. Àwọn kékeré tó ń ká ní ibi méjì máa ń fẹ́ sùúrù díẹ̀ níbí: ẹ kọ́kọ́ yan ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ ó máa là tán pátápátá, kí ẹ fi èkejì tò ó.

3. Ẹ wá ohun kan tó ní etí tó hàn kedere, bí àmì ojú títì tàbí lẹ́tà ara ògiri, tó jìnnà tó 30 mítà. Ẹ fi ọwọ́ bo gíláàsì iwájú ti ọ̀tún. Ẹ fi ojú òsì wò ó, kí ẹ máa yí kẹ̀kẹ́ àárín títí yóò fi dá ṣáká.

4. Ẹ bo ti òsì wàyí, ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ àárín mọ́. Ẹ fi ojú ọ̀tún wo ohun kan náà, kí ẹ yí òrùka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀tún títí òun náà yóò fi dá ṣáká. Ojú wa méjèèjì kì í sábà dọ́gba; òrùka yìí ló ń san án padà. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó dúró sí.

5. Láti ìsinsìnyí lọ, kẹ̀kẹ́ àárín nìkan ni ẹ ó máa yí.

Nínú igbó

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù kò sí lọ́wọ́ awò. Ojú lásán ló ń wá ẹyẹ. Etí tilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Ẹ dúró, ẹ gbọ́ ibi tí ohùn ti ń wá, ẹ wo ewé tó mì nígbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ má gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ẹ má wo awò lọ́wọ́ yín. Ojú dúró sára ẹyẹ, ọwọ́ ń gbé awò bọ̀ wá bá ojú, ẹyẹ ni ẹ ó sì bá láàárín. Gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣe òdì èyí: wọ́n á wolẹ̀ wo awò, wọ́n á gbé e sójú, wọ́n á wá máa fi í wá ẹyẹ kiri bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù sínú yàrá. Ẹ fi ẹyẹlé orí òrùlé ṣe ìdánrawò nílé. Ní bí ogún ìgbà, ọwọ́ yóò ti mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ̀ka bá pọ̀ jù, ẹ wá àmì kan tó hàn nítòsí ẹyẹ: ẹ̀ka tó gbẹ, èso, ojú igi tó là. Ẹ kọ́kọ́ bá àmì náà nínú awò, kí ẹ wá rìn láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ. Ọ̀nà kan náà ni ẹ ó fi júwe rẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ yín. "Òun nìyẹn, òun nìyẹn!" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.

Àwọn ọ̀nà díẹ̀ láti dá gbígbọ̀n dúró: ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti ẹ̀gbẹ́ àyà. Ẹ fara ti igi (ẹ wò ó ná bóyá ìjàlọ wà níbẹ̀). Bí ẹ bá jókòó, ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún. Bí ẹ bá dé fìlà etí gígùn ti ìgbàlódé, ẹ fi ìka di etí fìlà náà mú pẹ̀lú awò. Ní ti olójú kan, ọwọ́ kan di í mú, ọwọ́ kejì gbà á nísàlẹ̀, ẹ wá fi ìka ìfábẹ̀là ti egungun òkè ojú, kí awò àti orí máa mì pọ̀. Ẹ mí síta, kí ẹ wò ó kí ẹ tó mí wọlé padà.

Ní Lekki Conservation Centre l'Ékòó, afárá kan wà tí wọ́n so sókè láàárín igi, gígùn rẹ̀ jẹ́ 401 mítà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ 8x tí mò ń sọ kì í ṣe ìgbéraga. Bí ẹni kan bá gbẹ́sẹ̀ ní ogún mítà sí yín, ẹ ó mọ̀ ọ́n nínú awò. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ya fọ́tò kọjá tán, kí ẹ fara ti ibi tí afárá ti so mọ́ òpó, ibẹ̀ ló ń mì kéré jù. Àwọn ọ̀bọ tó wà níbẹ̀ kò nílò awò, ó tilẹ̀ sàn kí ẹ fi okùn kọ́ awò yín lọ́rùn nítorí wọn.

Àkókò ṣe pàtàkì. Láti nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ẹyẹ ń jẹun. Tó bá di aago méjìlá, ooru yóò máa gòkè láti ilẹ̀, bí ẹ ṣe ń rí i lórí títì ọ̀dà tó ń dán bí omi, ohun tí ẹ bá wò lókèèrè yóò sì máa jó. Awò tó wù kó wọ́n kò lè gba ìyẹn. Ó jọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọyẹ́: awò kì í la eruku kọjá, á kàn sún eruku mọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni ẹyẹ pọ̀ jù, torí pé àwọn tó sá fún òtútù Yúróòpù máa ń wà lọ́dọ̀ wa láti nǹkan bí September títí dé April.

Kí ni ẹ ó tilẹ̀ máa wò? Ìwọ̀nba àmì kékeré. Ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, Malimbus ibadanensis. Ọdún 1958 ni wọ́n fún un lórúkọ náà. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, igbó IITA sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti máa ń wá a. Ìbátan ẹ̀ga ni. Dúdú ni, pẹ̀lú pupa lórí àti láyà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé igbó náà dúdú, wọ́n sì ní pupa. Ibi tí pupa náà dé ni gbogbo ìyàtọ̀. Mo ti pariwo lẹ́ẹ̀mejì pé mo rí i. Mi ò tíì rí i.

Òjò, eruku àti bíbu

Ohun tí ń pa awò nílẹ̀ wa kò ju mẹ́ta lọ: ẹ̀wù, ọ̀rinrin, àti inú mọ́tò.

Ẹ̀wù ni mo kọ́kọ́ dárúkọ torí pé òun ni gbogbo wa ń lò. Eruku ọyẹ́ ní iyanrìn nínú. Bí ẹ bá fi etí ẹ̀wù nu gíláàsì tó ní eruku, ẹ ń fi iyanrìn ha á ni. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ẹ dànù. Kì í ṣe ẹnu, torí itọ́. Rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń fa ikun nímú ọmọ ìkókó, tí ẹ bá ra tuntun, ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a. Bí ìka bá ti kàn án, ẹ mí sí i díẹ̀ kó rin, kí ẹ fi aṣọ ìnu jígí tó mọ́ nù ún láti àárín lọ sí etí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má fi omi ọṣẹ ìfọ̀bọ́, kẹrosíìnì tàbí sípíríìtì kàn án.

Ọ̀rinrin ló burú jù. Láàárín June sí October, awò tó wà nínú àpò rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù yóò bu bí búrẹ́dì. Bíbu yẹn máa ń jẹ ohun tí wọ́n kùn sí gíláàsì, kì í sì í ṣeé nù láti ìta. Ẹ gbé e sínú ike tó ní ìdérí tó le, kí ẹ kó àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i, àwọn èyí tí wọ́n kọ pé kí a má jẹ. Tí wọ́n bá ti mu omi tán, ẹ rọ́pò wọn. Kí ẹ sì máa lò ó! Awò tó ń rí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í sábà bu. Èyí tí wọ́n kọ IPX7 sí lè ru omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí wọ́n bá tún fi náítírójìn kún inú rẹ̀, kì í rí ìkùukùu nínú bí ẹ bá gbé e jáde láti inú ọ́fíìsì tó tutù sínú ooru. Níbi tí òjò ti ń rọ̀ bíi tiwa, mo rò pé ó tó ohun tí a ń fi owó kún owó lé lórí.

Inú mọ́tò tí oòrùn pa kò nílò àlàyé. Ẹ kàn gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ibi tí kò yẹ kí awò kọjú sí

Oòrùn ni àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan nínú awò tó láti ba ẹyinjú jẹ́ títí ayé, kì í sì í dun ènìyàn nígbà tó bá ń ṣẹlẹ̀. Tí àṣá bá ń fò lọ sápá oòrùn, ẹ gbé awò kúrò lójú kí ó tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré lọ́dọ̀, ẹ má jẹ́ kó dá mú un ní ọ̀sán.

Bárékè, àgọ́ ọlọ́pàá, pápákọ̀ òfurufú, ilé ìjọba: ẹ jẹ́ kí awò wà nínú àpò. Àlàyé pé lékeléke ni ẹ ń wò kì í yá gbọ́ létí ẹni tó gbé ìbọn. Ní abúlé, ẹ kọ́kọ́ kí wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe, kí ẹ sì na awò náà sí àgbà tó bá wà níbẹ̀ kó fi wo nǹkan. Ọdẹ kan tí mo na tèmi sí lọ́jọ́ kan wo òkè fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, ó dá a padà, ó ní òun ti mọ gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, kí n máa bọ̀. Ẹyẹ mẹ́rìnlá la rí láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló fi ojú lásán rí mẹ́tàlá.

Fèrèsé aládùúgbò, ẹ mọ ìyẹn.

Tí ilẹ̀ bá wá ṣú, ẹ má tíì ká awò nílẹ̀. Tí ìràwọ̀ kan bá wà lókè tó mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, tí kì í ṣẹ́jú, tí kì í sì í ṣe àgùàlà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà. Ẹ fi orí àti ìgbọ̀nwọ́ ti ògiri, kí 8x32 dúró jẹ́ẹ́. Ẹ ó rí àmì tíntìntín méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tò sórí ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣùpá Júpítà tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí ní January 1610 ni. Ẹ ya ibi tí wọ́n wà sínú ìwé, kí ẹ padà wò wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kejì: wọn ò ní sí níbi tí ẹ fi wọ́n sí.